Sọ́fítíwíà Wo Ni Kí N Fi Tún Ewì Mi Ṣe?

Ìbéèrè: Yàrá mi ni mo ti ń gba ewì sílẹ̀, pẹ̀lú gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Sọ́fítíwíà wo ni kí n lò? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀.

Ìdáhùn: Ká ní ohùn yín nìkan ni, Audacity ti tó. Ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ nígbà tí ìlù ti wọ̀ ọ́, Reaper ni kí ẹ mú. Ẹ lè fi 60 ọjọ́ dán an wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀, 60 dọ́là sì ni wọ́n ń ta á fún ẹni tó ń lò ó nílé. Kò lẹ́wà lójú, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n kì í wúwo lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́.

Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá ń wọ inú ohun tí ẹ ń gbà sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ewì, kí ariwo yẹn nìkan wọlé. Òun ni ẹ máa fi han ReaFir tó wà nínú Reaper, kó lè mọ ohun tó máa yọ. Ẹ má yọ ọ́ tán o. Tí ẹ bá yọ ọ́ jù, ohùn yín á dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.

Ní ti àṣekágbá, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wa Youlean Loudness Meter ọ̀fẹ́ jáde, kí ẹ fi wọn bí iṣẹ́ yín ṣe ń dún tó. -14 LUFS (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó) ni Spotify ń fà á wá sí. Bí ẹ bá fi limiter (irinṣẹ́ tó ń tẹ orí ohùn mọ́lẹ̀) tẹ̀ ẹ́ kó lè pariwo ju ìyẹn lọ, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹnu gángan yín á sì ti kú lásán. WAV ni kí ẹ fi pamọ́. MP3, ti WhatsApp ni.