Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọ̀bẹ Inú Kòkòrò Ibà

Ẹ ka àyọkà yìí, kí ẹ sì kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta: gé, já àti tú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ ni Plasmodium falciparum, kòkòrò tó ń fa akọ ibà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé e wọ ara ènìyàn. Tó bá kúrò nínú ẹ̀dọ̀, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ sí.

Kí ló ń jẹ níbẹ̀? Hemoglobin ni, ìyẹn purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara wa. Ẹ fojú inú wo purotéènì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn. Kòkòrò náà kò lè lo odidi okùn ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gé e kéékèèké. Ẹ́ńsáìmù ni ọ̀bẹ rẹ̀. Plasmepsin àti falcipain ń já okùn náà níbi púpọ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn á wá tú ìlẹ̀kẹ̀ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí ló fi ń kọ́ ara tirẹ̀.

Láàárín nǹkan bíi wákàtí 48, kòkòrò kan á ti di púpọ̀. SUB1, ẹ́ńsáìmù mìíràn, á gé àwọn purotéènì kan, sẹ́ẹ̀lì á bẹ́, àwọn ọmọ kòkòrò á sì tú jáde. Ìgbà náà ni ara aláìsàn máa ń gbóná, tí òtútù sì ń mú un gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ yìí léwu. Bí hemoglobin bá ti já, èròjà onírin inú rẹ̀, tí à ń pè ní heme, á bọ́ sílẹ̀. Májèlé ni fún kòkòrò náà, nítorí náà ó máa ń sọ ọ́ di horo dúdú líle. Chloroquine kì í jẹ́ kó rí i ṣe. Nígbà tí kòkòrò ibà borí chloroquine, Nàìjíríà yí padà sí oògùn àpapọ̀ tó ní artemisinin nínú ní 2005. Heme yẹn kan náà ló ń jí agbára artemisinin. Ọ̀bẹ tí kòkòrò fi ń jẹun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ikú rẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá dín jíjẹ hemoglobin kù lè bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà. Irú rẹ̀ ti wà ní Rwanda àti Uganda.

Ìbéèrè
1. Kí ni kòkòrò ibà ń fi purotéènì tó gé ṣe?
2. Ṣé ọ̀kan náà ni ìtumọ̀ "tú" nínú "tú ìlẹ̀kẹ̀" àti "tú jáde"?
3. Ẹ ṣàlàyé lọ́rọ̀ ara yín: báwo ni jíjẹun díẹ̀ ṣe ń gba kòkòrò náà lọ́wọ́ artemisinin?