Láti Èkó Dé Accra: Báwo Ni Ọ̀nà Ti Jìn Tó?

Ní ọdún tó kọjá, ìyá àgbà mi bi mí léèrè pé báwo ni Accra ṣe jìn tó láti Èkó lóde òní. Ìsìnkú ọ̀rẹ́ wọn kan ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe. Accra ni a bí wọn sí, wọn kò sì tí ì padà débẹ̀ láti ọdún 1969.

Mo dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní lójú òfurufú, bí 400 kìlómítà ni. Ọ̀nà mọ́tò tí ó gba etí òkun lọ lé ní 450. Ọkọ̀ òfurufú yóò sì lo bí wákàtí kan.

Ẹni tí ó mọ ìṣirò lè takò mí níhìn-ín. Ọkọ̀ òfurufú ńlá lè sá tó 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ló dé tí 400 kò fi jẹ́ ààbọ̀ wákàtí? Ìdí ni pé òkè réré nìkan ni ó ti lè sá eré bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rọra rìn lórí ilẹ̀, yóò gbéra, yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Kò sì ní pẹ́ lókè tí yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. (N kò tí ì ka wákàtí tí a fi ń jókòó dè é ní Ìkẹjà!)

Àṣìṣe tèmi wà níbòmíràn. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra. Mo fi wákàtí kan kún un, mo sì ránṣẹ́ sí àwọn ará Accra pé kí wọ́n wá pàdé ìyá àgbà ní aago mẹ́wàá. Mo gbàgbé pé aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Gánà. Aago mẹ́sàn-án kan náà ni wọ́n balẹ̀ sí Accra, wọ́n sì jókòó ti ẹrù wọn fún wákàtí kan gbáko.

Oòrùn kọ́ ló fa gbogbo wákàtí náà o. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan. Dígírì mẹ́ta ààbọ̀ àti díẹ̀ ló wà láàárín ìlú méjèèjì, nítorí náà bí ìṣẹ́jú 14 péré ni ọ̀sán gangan Èkó fi ṣáájú ti Accra. Àwọn ènìyàn tó yan aago fún orílẹ̀-èdè ló fi ìyókù kún un.

Nígbà tí ìyá àgbà dé, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní, "Ibùsọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ lo sì fún mi."

Máìlì ni a sábà ń pè ní ibùsọ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ibùsọ̀ orí òkè lè kúrú ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ọrùn ẹni tó ru ẹrù ló ń wọ̀n ọ́n. Lójú tèmi, ìtumọ̀ máìlì ti bo èyí mọ́lẹ̀ jù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ibẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kí ìyá àgbà ka ibùsọ̀ ọdún náà fún mi. Wọ́n ka Aflao, wọ́n ka Lomé, wọ́n ka Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ka Ìdí-Ìrókò. Mo ní 450 kìlómítà àti díẹ̀ náà ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin.