Iná Ọ́ìlì: Àrokò Tí Ó Lè Sọnù Lọ́nà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àrokò. Ẹnì kan ní í pa á, ẹnì kejì ní í gbé e lọ, ẹnì kẹta ní í tú u. Bí ìránṣẹ́ bá sọnù lọ́nà, ẹni tí ogun ń bọ̀ wá bá yóò rò pé àlàáfíà ni. Bí ọ̀rọ̀ iná ọ́ìlì inú ọkọ̀ ti rí gan-an nìyẹn.

Ọkọ̀ ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo fi kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Súwíìsì kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì náà. Wáyà kan ṣoṣo ni ó ti ibẹ̀ lọ bá gílóòbù tí ó wà níwájú awakọ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́, súwíìsì yóò so wáyà pọ̀ mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, iná yóò sì tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, agbára ọ́ìlì yóò ti súwíìsì náà kúrò lára irin, iná yóò sì kú.

Nítorí náà, iná tí kò bá tàn nígbà tí a kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́, odi ni. Kò ní lè kígbe lọ́jọ́ tí ọ́ìlì bá tán, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì.

Bí a ṣe ń wá àrùn rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ wo iná bátìrì. Bí òun náà kò bá tàn, ẹ yẹ fíùsì wò, àti ibi tí iná mànàmáná ti ń wọlé sí àwọn méjèèjì.

2. Bí ti ọ́ìlì nìkan ni kò tàn, ẹ yọ wáyà kúrò lára súwíìsì, kí ẹ fi kan irin ẹ́ńjìnnì tí ó mọ́. Bí iná bá tàn, súwíìsì ni ó bàjẹ́. Bí kò bá tàn, gílóòbù ti jó tàbí wáyà ti já.

3. Bí iná kò bá kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wọn ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá pé, ẹ tún yí kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí ẹ yọ wáyà súwíìsì. Bí iná kò bá kú síbẹ̀, wáyà ti bó, ó ń kan ara ọkọ̀. Bí ó bá kú, ara wáyà le. Kí mẹkáníìkì wọn agbára ọ́ìlì kí ẹnikẹ́ni tó tún wa ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà yìí kò bá ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí mu.

Àwọn kan a máa yọ gílóòbù kí iná má baà dà wọ́n láàmú. Ẹni tí ó pa ìránṣẹ́ kò tíì pa ogun. Kí ẹ tó gbéra lọ́la, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo iná náà.