Nọ́ńbà Kan, Àpótí Kan

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé ohùn nìkan ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà rí nínú Modbus, èdè ẹ̀rọ tí Modicon gbé jáde ní 1979.

Nílé iṣẹ́ bíà, irú èyí tó ti ń pọn ọtí ní Iléṣà láti 1978, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ lè fi Modbus béèrè ìwọ̀n ooru lọ́wọ́ àpótí ẹ̀bá àgbá, kó sì ní kí fáàfù ṣí. Àpótí kọ̀ọ̀kan lórí wáyà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 1 dé 247. Bí méjì bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan, wọ́n á jọ dáhùn, ọ̀rọ̀ á dàrú. Bí a bá ṣi nọ́ńbà kọ, omi gbígbóná lè dà lé ẹni tó ń fọ àgbá lórí. Ẹ pè wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.