Odò San Pedro: Ẹ̀kọ́ Nípa Omi Abẹ́ Ilẹ̀

Nígbà tí àwa olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa odò, a máa ń wí fún wọn pé òjò ni í bí odò. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òjò ń gbà dé odò kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀nà náà ti hàn gbangba jù lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi odò kan ní Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ.

Odò San Pedro ń ṣàn láti ilẹ̀ Mẹ́síkò lọ sí àríwá, ó sì wọ Arizona. Òjò ọdún kan níbẹ̀ tó bí ínǹṣì 14. Ti Ìbàdàn ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1988, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin ya etí odò náà sọ́tọ̀ fún ìpamọ́. Ibi tí a yà sọ́tọ̀ náà gùn tó ibùsọ̀ 40, ó sì tó bí éékà 57,000.

Àlejò tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò kọ́kọ́ rìn láàárín koríko gbígbẹ àti igi ẹlẹ́gùn-ún nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ni yóò rí àwọn igi gíga tí ewé wọn tutù, tí wọ́n tò lọ bí okùn lẹ́bàá odò: cottonwood àti willow ni. Abẹ́ wọn ní òjìji, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ ni í rí nǹkan níbẹ̀, nítorí irú ẹyẹ tí a ti rí ní etí odò yìí ju 300 lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ arìnrìn-àjò tí ń sinmi lọ́nà.

Kí ni ó ń mú odò náà ṣàn ní oṣù tí òjò kò rọ̀? Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè ń rì sínú ilẹ̀, ó ń rọra rìn lábẹ́ iyanrìn fún ọdún púpọ̀, a sì jáde ní ipadò. Nítorí èyí, kànga tí ó jìnnà sí odò lè mu omi odò. Omi abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ará ìlú Sierra Vista tí ó wà nítòsí ń mu. Ní oṣù keje ọdún 2005, odò náà dá ṣíṣàn dúró ní Charleston, níbi tí a ti ń wọn omi rẹ̀. Irú rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kànga nìkan kọ́ ni ó fà á, ọ̀dá pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro, nítorí ènìyàn kò lè ṣàì mu omi.

Olùkọ́ lè fi bàsíà kan kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Kó iyanrìn sínú rẹ̀, fa ipadò tóóró sí àárín, kí o sì rọra da omi sí etí títí yóò fi yọ ní ipadò. Gbẹ́ ihò tí ó jìn ju ipadò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọmọ kan máa bu omi inú rẹ̀ dànù. Nígbà tí ipadò bá gbẹ, bi wọ́n pé, “Ta ni ó gbẹ odò yìí?” Ọmọ náà yóò wí pé òun kò fọwọ́ kan odò. Òtítọ́ ni yóò sọ, níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà sì wà.

Lẹ́yìn èyí, kí àwọn ọmọ máa fi okùn wọn ìjìn omi kànga ilé-ìwé ní oṣooṣù, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìgbà òjò títí dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.