Ojú Láìsí Inú: Àgbéyẹ̀wò Rọ́bọ́ọ̀tì Keepon

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń sọ nípa ìmọ̀lára, inú ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ: inú ń dùn, inú ń bàjẹ́, inú ń bíni. Ojú ni a fi ń mọ ohun tó wà nínú. Kí ni kí olùkọ́ wá sọ nípa ohun tó ní ojú ṣùgbọ́n tí kò ní inú? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò.

Bí a ṣe ṣẹ̀dá Keepon
Hideki Kozima, onímọ̀ ará Jàpáànù, ló ṣẹ̀dá Keepon ní nǹkan bí ọdún 2003. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Rogodo méjì tí a gbé lé ara wọn ni, rọ́bà rírọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò ni a sì fi ṣe é. Kámẹ́rà ni ojú rẹ̀ méjèèjì, máìkírófóònù ni imú rẹ̀. Kò ní ẹnu, kò sì ní ọwọ́. Ohun mẹ́rin péré ni ara rẹ̀ lè ṣe: ó lè tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, ó lè yí padà, ó lè fì sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè súnkì kí ó tún nà.

Iṣẹ́ méjì ni ó ń fi wọ́n ṣe. Èkíní ni ìfojúsí: ó ń kọjú sí ọmọ tàbí sí ohun kan. Èkejì ni ìfìmọ̀lárahàn: ó ń fì bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Bí ó bá wo bọ́ọ̀lù, tí ó yíjú sí ọmọ, tí ó wá fì, ọmọ náà yóò gbà pé bọ́ọ̀lù ni ó wù ú. Láìsí ìfojúsí, ìdùnnú náà kò ní ìdí.

Kismet, tí Cynthia Breazeal ṣe ní MIT ní ìparí àwọn ọdún 1990, ní ìpéǹpéjú, etí àti ètè tó ń mì. Kozima dín tirẹ̀ kù nítorí pé ojú tí nǹkan pọ̀ lórí rẹ̀ lè da àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù láàmú. Lọ́pọ̀ ìgbà tí Keepon bá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣeré, ènìyàn kan ló wà níbòmíràn tó ń darí rẹ̀.

Ohun tó kan olùkọ́
Ọmọ tó pọn ọmọláńgídi mọ̀ pé òun fúnra òun ni òun ń bá a sunkún. Keepon yàtọ̀, nítorí pé ó ń dáhùn. Nítorí náà, ìyàtọ̀ wà láàárín "inú rẹ̀ dùn" àti "ó ń ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn". Gbólóhùn kejì ló bá òtítọ́ mu.

Àgbálọgbábọ̀
Kò yẹ kí olùkọ́ fi ìbáwí ba eré ọmọ jẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó: "Kí ni ó ṣe tí o fi sọ pé inú rẹ̀ dùn?" Bí ọmọ bá dáhùn pé ó fì, pé ó yíjú sí òun, ó ti ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn rò. Ẹ̀kọ́ yìí yóò wúlò fún un láàárín ènìyàn pẹ̀lú.