Lábẹ́ Àwọsánmà: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Méjì

Nígbà tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì bá wí pé ẹnì kan fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ "under a cloud", kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ojú ìfura ni a fi ń wo onítọ̀hún, bí a kò tilẹ̀ tí ì fi ìdí ẹ̀sùn kankan múlẹ̀.

Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ó lọ lábẹ́ àwọsánmà", òǹkàwé yóò rò pé ojú ọjọ́ ni ó ṣú. Bí a bá sì kọ ọ́ pé "ó jẹ̀bi", a ti dá ẹjọ́ tí adájọ́ kò dá, a sì lè ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́. Èyí tí ó tọ́ ni: "A ń fura sí i nígbà tí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀."

Kí a ṣọ́ra pẹ̀lú, kí àkànlò èdè yìí má ṣe bá wa wọ inú Ìwé Mímọ́. Ní 1 Kọ́ríńtì 10:1, Pọ́ọ̀lù wí pé àwọn baba wà lábẹ́ àwọsánmà. Kò sí ìfura níbẹ̀ rárá. Àwọsánmà tí Ẹ́kísódù 13:21 ròyìn ni, èyí tí Olúwa fi ṣe amọ̀nà wọn lọ́sàn-án. Orin Dáfídì 105:39 sì pè é ní ìbòrí.

Nítorí náà, kí àwa olùtumọ̀ àti ẹ̀yin oníwàásù kọ́kọ́ máa béèrè ohun tí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn, kí a tó wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi gbé e kalẹ̀.